Ọ̀rá ìdalẹ̀ olówó pọ́ọ́kú: èrè ni àbí gbèsè?

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láyé tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí, ta ni kò fẹ́ ohun tó pọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan? Bí ọlọ́jà bá ti gbọ́ "pọ́ọ́kú," ọwọ́ á ti dé inú àpò kí ojú tó wo ọjà náà dáadáa. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ìdalẹ̀ ni, ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń ká bí ẹní kékeré, tí wọ́n sì ń kiri rẹ̀ káàkiri ìgboro. Nǹkan kékeré ni lójú. Àmọ́ nǹkan kékeré yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àdúgbò kan ká ní Ìwó.

Ní Ìwó Olódò Ọbà, ìlú odídẹrẹ́, obìnrin kan wà lẹ́bàá ọjà Odò Orí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì. Oúnjẹ ló ń tà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà láàárọ̀, àmàlà àti ewédú lọ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ dùn, oníbàárà rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ibẹ̀ náà pọ̀. Igi ewédú, èèpo àlùbọ́sà, eegun ẹran, àjẹkù oúnjẹ, omi ẹ̀fọ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gbogbo rẹ̀ ló ń kóra jọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Garawa onídérí kan ló ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Kẹ́hìndé ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń da ilẹ̀ nù, á dà á, á fọ garawa náà, á sì gbé e padà. Nígbà tó yá, ìdí garawa náà dípẹtà, ó sì jò. Bí Ìyá Ìbejì ti ń ro bó ṣe máa rí owó ra òmíràn, ọmọkùnrin kan tó ń kiri ọjà dé.

"Màámi, ọ̀rá ìdalẹ̀ rèé o! Ogún nínú róòlù kan, owó márùn-ún lẹ ó san!"

"Ṣé kì í já?"

"Há, Màámi! Ó le bí irin. Àwọn olówó ló ń lò ó nílé wọn."

Ìyá Ìbejì ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn. Owó róòlù kan kò tó owó abọ́ ìrẹsì kan tó lẹ́ran. Garawa tuntun ńkọ́? Owó ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Ó ra róòlù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àńtí Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ ra ẹyọ kan tirẹ̀, ó fẹ́ máa kó àjákù aṣọ sí i. Ọmọ ọlọ́jà dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kìn-ín-ní dára. Ọjọ́ kejì dára. Ìyá Ìbejì ń yin ara rẹ̀ pé òun rí ọjà gidi rà. Eṣinṣin dín kù nídìí ààrò, Kẹ́hìndé kò sì ní garawa fọ̀ mọ́. Inú ọmọ náà dùn ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rá kan fàya díẹ̀ létí, wọ́n bá ki òmíràn bọ̀ ọ́ lára. Ìyẹn kì í ṣe bàbàrà. Àṣé ìkìlọ̀ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọjà tà gan-an. Oníbàárà kan tún fọ́ ìgò mínírà sílẹ̀ nídìí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sì gbá àfọ́kù rẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí yòókù sínú ọ̀rá. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọ̀rá méjì tí wọ́n fi wọ ara wọn kún bámúbámú. Kẹ́hìndé so ó lẹ́nu, ó gbé e rù, ó forí lé ọ̀nà ààtàn.

Ọ̀nà náà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Àńtí Télọ̀. Nítorí ooru, tábìlì rẹ̀ wà níta lábẹ́ ìbòrí. Léèsì funfun kan ló tẹ́ sórí rẹ̀, ó ń so bọ́tìnnì mọ́ ọn. Ti ìyá ìyàwó ni, Sátidé ni ìgbéyàwó, ìyá náà sì ti san owó iṣẹ́ pé. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ mọ ohun tí léèsì ìyá ìyàwó jẹ́. Aṣọ tí kò gbọ́dọ̀ ní àbàwọ́n ni.

Gẹ́rẹ́ tí ọmọ náà dé iwájú tábìlì ni ìdí ọ̀rá là. Kò fàya díẹ̀díẹ̀ o. Ó là gbàràgàdà ni, láti igun kan dé ìkejì. Omi ẹ̀fọ́ tòun ti epo pupa dà sórí léèsì. Eegun, ewédú àti ìrẹsì wálẹ̀ wìì. Ẹ̀rù ba Kẹ́hìndé, ó fẹ́ fò sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì balẹ̀ sórí àfọ́kù ìgò.

Igbe ta. Ọmọ ń ké, Àńtí Télọ̀ náà ń ké. Nígbà tí Ìyá Ìbejì fi máa sáré dé, ẹ̀jẹ̀ ti dà sílẹ̀, aṣọ ti bàjẹ́.

"Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa mí o! Kí ni kí n wí fún ìyá ìyàwó? Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n wí?"

"Àńtí Télọ̀, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ ọmọ ná."

"Ẹsẹ̀ ọmọ yín máa jinná. Ṣé léèsì máa jinná ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Ìbejì wọ egungun. Òun náà fèsì, èsì rẹ̀ kò sì dára. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ti ń jẹun pọ̀, tí wọ́n sì ti ń bá ara wọn dá èésú láti ọdún mẹ́fà.

Wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fọ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n rán an, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ tẹ̀tánọ́ọ̀sì. Owó tí Ìyá Ìbejì san lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan lè ra garawa tuntun, kó sì tún kù. Ti léèsì ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé iwájú Bàbá Fọkanáísà

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní oríta pe àwọn méjèèjì. Àgbàlagbà ni, gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó jẹ́ kí oníkálùkù sọ tẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé ọ̀rá náà wá kí n rí i."

Ìyá Ìbejì mú róòlù tó kù wá. Ẹ̀rín sọ nígbà tí bàbá náà kọ́kọ́ kà á. Róòlù tí wọn kò tíì tú ni, tí wọ́n ní ogún wà nínú rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ló bá níbẹ̀. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀, kò sí ìwọ̀n, kò sí nǹkan kan.

Ó já ọ̀kan, ó na án sójú oòrùn. Àwọn àmì tótòtó wà lára rẹ̀, ibòmíràn nípọn, ibòmíràn sì fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ọ̀rá gidi máa ń nà díẹ̀ kó tó já, àmọ́ ńṣe ni èyí là tààrà bíi bébà. Níkẹyìn, ó bu omi láti inú abọ́ tó fi ń wá ibi tí túùbù ti ń jò, ó dà á sínú òmíràn, ó sì fi kọ́ ìṣó. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó, láti ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ìdí rẹ̀, pàápàá níbi igun méjèèjì.

"Ẹ wò ó," ni bàbá wí. "Ojú ìlẹ̀mọ́ ló ń jò, bíi túùbù tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lẹ̀."

Àńtí Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín ìbínú. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ọ̀rá burúkú ni wọ́n rà."

Bàbá Fọkanáísà yíjú sí i. "Ìwọ náà ńkọ́, ọ̀rá wo lo fi ń kó àjákù aṣọ?"

Ẹnu Àńtí Télọ̀ wọhò. Ọ̀rá kan náà ni! Ọwọ́ ọmọkùnrin kan náà ló ti rà á, lọ́jọ́ kan náà. Ó sì ti ń fi ẹyọ kan ṣoṣo kó àjákù aṣọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò já, kò jò, kò ṣe nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bàbá ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Ọ̀rá tó dára fún télọ̀ lè má dára fún olóúnjẹ. Àjákù aṣọ gbẹ, ó fúyẹ́, kò ní ẹnu. Eegun ní ẹnu. Igi ewédú ní ẹnu. Ìgò ní eyín pàápàá. Ọ̀rá kò tíì jẹ̀bi tán, ẹni tó kó ìgò sí i náà ní ẹ̀bi tirẹ̀."

Kí ló wà nínú ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú?

Ọ̀rá ìdalẹ̀ kì í ṣe nǹkan àtayébáyé. Ní ọdún 1950 ni ọkùnrin ará Kánádà kan, Harry Wasylyk, nílùú Winnipeg, àti ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Larry Hansen, ṣe irú rẹ̀ jáde. Ilé ìwòsàn ni Wasylyk kọ́kọ́ ń tà á fún. Nígbà tó yá ló di ohun tí wọ́n ń lò nínú ilé káàkiri ayé.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, apẹ̀rẹ̀ àti abọ́ ni wọ́n fi ń kó ilẹ̀ lọ sí ààtàn. Ewé ni wọ́n fi ń di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé ààtàn, á jẹrà, á di ilẹ̀dú, ẹni tó bá fẹ́ gbin ewédú á sì lọ bù ú. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n ń dà síbẹ̀ nígbà náà tí kì í padà di erùpẹ̀. Ọ̀rá kò mọ èyí. Ó lè wà nínú ilẹ̀ títí ọmọ ọmọ ẹni tó lò ó á fi dàgbà.

Ara epo rọ̀bì àti gáàsì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Orílẹ̀-èdè wa náà ní ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe kóró rẹ̀, ó wà ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt, ọwọ́ ilé iṣẹ́ Indorama ló sì wà láti ọdún 2006. Wọ́n á yọ́ kóró náà, ẹ̀rọ á fẹ́ atẹ́gùn sí i títí á fi wú bíi bàlúù gígùn, á gbẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á sì fi iná lẹ ìdí rẹ̀.

Báwo wá ni òmíràn ṣe ń di pọ́ọ́kú? Ọ̀nà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Àkọ́kọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní máíkírọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú ìlà kékeré kan ṣoṣo lára rúlà ọmọ iléèwé. Irun orí èèyàn máa ń tó 50 sí 100 máíkírọ́ọ̀nù. Àwọn ọ̀rá kan wà tí wọn kò tó ìdajì irun orí, ẹni tó rà wọ́n á sì máa retí pé kí wọ́n gbé àpò eegun.

Èkejì, wọ́n á yọ́ ọ̀rá àlòkù mọ́ ọn. Àtúnyọ́ kì í ṣe ohun burúkú fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ ń dín ìdọ̀tí kù nílùú. Àmọ́ bí wọn kò bá ṣa á dáadáa, bí iyanrìn àti oríṣiríṣi ike bá wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa là. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi dúdú. Aró dúdú ń bo àbùkù mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn kan á po lúúlúù bí ẹfun mọ́ ọn kó lè pọ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, ọ̀rá náà kò ní lè nà mọ́, á kàn máa là ni. Ẹ̀kẹrin ni ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn lẹ̀ pẹrẹsẹ ló máa ń jò níbi igun. Àwọn kan wà tí wọ́n ká ìdí wọn jọ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, bíi ìgbà tí èèyàn bá di ẹnu àpò. Ìyẹn kì í sábà jò, nítorí kò ní igun tí ẹrù á rọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ìṣirò ju akọ̀wé lọ. Ká ní ọ̀rá fẹ́lẹ́ jẹ́ náírà 50 lẹ́yọ kan, èyí tó nípọn sì jẹ́ náírà 120. Àpẹẹrẹ lásán ni o, iye ọjà ń yí padà lójoojúmọ́. Àńtí Télọ̀ tó ń lo ẹyọ kan ná 50, ó sì jèrè 70. Ọjà náà dára fún un, kí ẹnikẹ́ni má bá a jà.

Ìyá Ìbejì ńkọ́? Méjì ló ń fi wọ ara wọn, ó ná 100. Ó ṣì jèrè 20. Lọ́jọ́ tó bá lo mẹ́ta, ó ná 150, ó ti pàdánù 30. Ká tiẹ̀ ní kò lò ju méjì lọ láéláé. Èrè 20 lójúmọ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́, jẹ́ 600. Ẹgbẹ̀ta náírà lóṣù! Ṣé ẹgbẹ̀ta náírà lè ra léèsì? Ṣé ó lè san owó abẹ́rẹ́? Ṣé ó lè ra ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́fà padà?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rá pọ́ọ́kú dára láti rà, kó má kàn béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Kó béèrè pé: kí ni mo fẹ́ kó sí i, ta ni yóò gbé e, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà? Bó bá jẹ́ bébà, àjákù aṣọ, ìfáfá igi káfíńtà, irun ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó o. Ẹ má fowó ṣòfò lórí èyí tó nípọn. Bó bá jẹ́ ohun tútù, ohun tó wúwo, ohun tó ní ẹnu, ọ̀rá fẹ́lẹ́ kì í ṣe pọ́ọ́kú mọ́, gbèsè ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà tú ọ̀kan. Ẹ na án sójú oòrùn. Ẹ fà á wò bóyá ó ń nà. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ ka iye tó wà níbẹ̀. Ẹ gbé róòlù méjì lọ́wọ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó wúwo jù, nítorí bí iye ẹyọ àti gígùn wọn bá dọ́gba, èyí tó wúwo ló sábà máa ń nípọn. Bí omi bá wà nítòsí, ẹ dà á sí i. Ọlọ́jà tó bá mọ̀ pé ọjà òun dára kò ní bínú.

Níbo ni ọ̀rá ń gbẹ̀yìn sí?

Bí ọ̀rá bá já lójú ọ̀nà, ìjà nìkan kọ́ ló ń dá sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gbé e, àgbàrá á gbé e, ojú gọ́tà ló máa lọ. Ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ nítorí pé ó ń ta sánsán oúnjẹ, á wé mọ́ ọn nínú ìfun, olówó ewúrẹ́ á sì máa wá ẹni tó fún un ní májèlé. Àwọn kan á ní àwọn máa sun ún. Èéfín rẹ̀ burú fún àyà, pàápàá fún àwọn ọmọdé, ẹ má sun ún nídìí ààrò rárá.

Àwọn àgbà Ìwó ṣì rántí 1980. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìwó wà nígbà náà, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó pa èèyàn tó ju igba lọ. Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Lára ohun tó dí ojú odò náà ni ilé tí wọ́n kọ́ síbi tí kò yẹ àti ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀. Ọ̀rá kò sì tíì pọ̀ nígbà yẹn tó bó ṣe pọ̀ lónìí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní 1984, ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà àìlétò, èyí tí wọ́n ń pè ní WAI. Wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún un, gbogbo ọlọ́jà sì ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìgbálẹ̀. Ìbẹ̀rù sójà gbá ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, ìdọ̀tí padà. Ó ti pẹ́ tí ìbẹ̀rù wolé-wolé náà ti rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn mú ọ̀rọ̀ ọ̀rá le gan-an. Rùwáńdà fòfin de ọ̀rá ìkọ́jà ní 2008. Kẹ́ńyà ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ẹni tó bá sì rú òfin náà lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Èkó kéde òfin lórí abọ́ fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú àwọn ike àti ọ̀rá àlòsọnù míì láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025. Òfin Èkó kò dé Ìwó. Àmọ́ ọlọ́jà tó gbọ́n kì í dúró de òfin kó tó tún ìdí ààrò rẹ̀ ṣe. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀

Ìdájọ́ Bàbá Fọkanáísà kò gùn. Ó ní kí Ìyá Ìbejì ra léèsì míì, nítorí ilé rẹ̀ ni ẹrù náà ti jáde. Ó ní kí Àńtí Télọ̀ rán an lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí aṣọ funfun kì í gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó tún ní kí Àńtí Télọ̀ lọ wo ẹsẹ̀ ọmọ. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ṣe. Ó mú ọsàn dání, ó jókòó ti Kẹ́hìndé, kò sì sọ̀rọ̀ léèsì rárá. Nígbà tó fẹ́ dìde ló wí jẹ́ẹ́ pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ tí mo sọ." Ìyá Ìbejì kò lè dáhùn. Omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

Owó èésú tó yẹ kí Ìyá Ìbejì fi ra àpò ìrẹsì ni wọ́n fi ra léèsì. Ọwọ́ bà á fún oṣù méjì. Àńtí Télọ̀ fi òru Ọjọ́ Ẹtì rán aṣọ náà, ìyá ìyàwó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kò sì mọ nǹkan kan títí di òní.

Lónìí, bí ẹ bá dé ìdí ààrò Ìyá Ìbejì, nǹkan mẹ́ta lẹ ó bá níbẹ̀. Garawa onídérí tuntun wà, ọ̀rá tó nípọn wà nínú rẹ̀, àjẹkù tútù ni wọ́n ń dà sí i, wọn kì í sì jẹ́ kó kún ju ìdajì lọ. Àpò ìrẹsì àlòkù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike àti agolo, àwọn tó ń ra ike sì máa ń wá kó o. Ẹ̀kẹta ni agolo ńlá kan tó ní ìdérí. Àfọ́kù ìgò àti ohun tó mú ló ń wọ ibẹ̀, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ gbé e àfi àgbà. Igi ewédú àti èèpo, ewúrẹ́ ẹlẹ́ran tó wà lẹ́yìn ilé ń jẹ wọ́n, nítorí náà ọ̀rá kan ń tó ọjọ́ méjì nísinsìnyí. Kẹ́hìndé sì ti padà sídìí garawa fífọ̀. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ó ń fi bàtà ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin ọlọ́rá tún kọjá.

"Màámi, ogún nínú róòlù kan, owó márùn-ún lẹ ó san!"

Ìyá Ìbejì fà á mọ́ra, ó fún un lómi mu, ó sì na abọ́ omi kejì sí i. "Ọkọ mi, tú ọ̀kan, kí o da èyí sí i ká jọ wò ó."

Ọmọ náà wo abọ́, ó wo ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n mú oríṣi kejì wá fún yín lọ́la."

"Ẹ̀ẹ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Àmọ́ fi ẹyọ kan nínú èyí sílẹ̀ fún Àńtí Télọ̀. Tirẹ̀ ti tán."